Fíúsì Tó Máa Ń Jó ní Òwéná

Gíláàsì ọkọ̀ ni Adébùsóyè fi rí ojúrere ìyá Monílọ́lá, gíláàsì ọkọ̀ náà ló sì tú u fó. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá sí àdúgbò wọn ní Ìsìkàn, nílùú Àkúrẹ́, kò tíì dé iwájú ilé tó ti sọ gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀, tó ń kí èèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò dé òpin rẹ̀. Ó kí bàbá tó ń ka ìwé ìròyìn lábẹ́ igi máńgòrò. Ó kí àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́. Àwọn méjì tó ń jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga pàápàá, ó kí wọn, wọ́n sì dá ìjà dúró láti dá a lóhùn. Ẹ kúkú mọ bí ọ̀rọ̀ ìkíni ti rí nílẹ̀ wa. Ọmọ tó bá kọjá lára àgbà tí kò kí i, bó ti wù kó kàwé tó, wọ́n á ní wọn ò kọ́ ọ nílé.

Kí Bùsóyè tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, Màmá ti ń wo àwọn aládùúgbò bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

"Ọmọ tó mọ èèyàn kí nìyí o," ló sọ fún Monílọ́lá nílé ìdáná. "Ẹni tó lè kí ará ulé wa báyìí, kò lè fìyà jẹ ọ́."

Monílọ́lá rẹ́rìn-ín, ó ń bu omi sínú ife. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú náà, jọ́gíráfì ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Àwọn tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ń pọn ọmọ kejì, àwọn mìíràn ẹ̀kẹta. Kò sẹ́ni tó bú u, ṣùgbọ́n àdúrà yòówù tí wọ́n bá gbà fún un, ì báà jẹ́ ti ọjọ́ ìbí, ì báà jẹ́ ti orí fífọ́, ọkọ ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkàn rẹ̀ fi fò sókè lọ́jọ́ tí Àǹtí Agnes, àbúrò ìyá rẹ̀ tó lọ́kọ sí ìlú Oǹdó, pè é lórí fóònù pé òun ti rí ẹnì kan fún un.

"Ọmọ Oǹdó ni," ni Àǹtí Agnes wí. "Òṣìṣẹ́ ìjọba ni níbẹ̀ yẹn ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́ yín. Ìjàpó ló ń gbé láàárín ọ̀sẹ̀, á sì wálé ní òpin ọ̀sẹ̀. Èmi àti ìyá rẹ̀ jọ wà nínú ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo fọwọ́ sọ̀yà lé e lórí. Àbí èmi Agnes lè tì ọ́ sínú kòtò?"

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀ ná.

Ìfẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀. Bùsóyè á wá gbé e níwájú ilé ẹ̀kọ́ nírọ̀lẹ́, á ti sọ gíláàsì kalẹ̀, á kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, á kí ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Wọ́n á wakọ̀ lọ sí ọ̀nà Ọ̀dà lọ jẹ àgbàdo sísun, atẹ́gùn á máa fẹ́ lu ojú wọn, Monílọ́lá á sì fi ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lé etí fèrèsé ọkọ̀ bí ìyàwó ọlọ́lá. Ọkùnrin náà mọ bí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Tí Monílọ́lá bá sọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó yọ ọ́ lẹ́nu lónìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á ní, "Ọmọ yẹn ńkọ́, ṣé ó ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀?" Tísà mi ló ń pè é. Nítorí pé ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ, tí ó sì wù ú bẹ́ẹ̀, Monílọ́lá kì í fi "o" bá a sọ̀rọ̀, "ẹ" ló ń lò fún un.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ lọ sí Oǹdó, Bùsóyè dúró ní Òwéná, lójú ọ̀nà, láti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbé gíláàsì sókè, ó ṣílẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ sítíárìn díẹ̀ bí ẹni tó ń so okùn bàtà, ó sì bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún gbéra, Monílọ́lá tẹ bọ́tìnì kí ó lè gba atẹ́gùn. Gíláàsì kò mira.

"Kí ló ṣe é?"

"Fíúsì ló ti jó. Kòtò ọ̀nà yìí ni. Tí ọkọ̀ yìí bá ti dé Òwéná báyìí, àfi kó bà jẹ́."

"Ẹ jẹ́ ká wá riwáyà ní Oǹdó kó bá wa tún iná rẹ̀ ṣe."

"Rárá, riwáyà mi wà ní Àkúrẹ́, òun ló mọ ọkọ̀ yìí. AC ṣáà ń ṣiṣẹ́. Àbí ooru ń mú Tísà mi?"

Ooru ò mú Tísà. Ìfẹ́ ló ń mú un. Wọ́n wọ Oǹdó pẹ̀lú gíláàsì dúdú tó tì gbọn-in, ó ń wo ìlú ọkọ rẹ̀ lọ́la bí ẹni tó ń wo nǹkan láti inú ìgò ọtí. Àǹtí Agnes fúnra rẹ̀ ló ṣí géètì, òun náà ló sáré tì í. Kò sí ìgbà tí wọ́n lọ sí Oǹdó lẹ́yìn ìyẹn tí kò rí bẹ́ẹ̀. Fíúsì á jó ní Òwéná, riwáyà á tún un ṣe ní Àkúrẹ́, gíláàsì á máa lọ sókè sódò láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Ilé Bùsóyè ní Oǹdó ńkọ́, tí wọn kì í yà síbẹ̀? Wọ́n ní wọ́n ń pààrọ̀ òrùlé rẹ̀. Òrùlé kan tí wọ́n ń pààrọ̀ láti ìgbà òjò dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn!

Nílé Àǹtí Agnes náà ni Monílọ́lá ti mọ ìyá Bùsóyè. Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbàdúrà fún un gan-an ni, àmọ́ ìbàdí rẹ̀ ló ń wò ju ojú rẹ̀ lọ.

"Ọlọ́run á tètè ṣe é," ni ìyá náà wí. "Kí n tó kú, n ó gbé ọmọ Bùsóyè."

Nílé ìdáná, Àǹtí Agnes fa ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ra. "Ẹ̀yin ọmọ òde òní ò mọ ohun tó ń so ọkùnrin mọ́lẹ̀. Má dúró de ìdána kankan. Tí o bá ti lóyún, gbogbo rẹ̀ á yá kíákíá."

"Àǹtí! Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìyá?"

"Ẹgbẹ́ ìyá ò ní ká má gbọ́n."

Monílọ́lá rẹ́rìn-ín nítorí ìtìjú, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó pọ̀n ọ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ta ni yóò fura sí i?

Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ni ọ̀ràn náà bẹ́. Màmá ní òun fẹ́ kí àbúrò òun kú ọdún, Bùsóyè sì ní kí wọ́n jọ lọ. Ní Òwéná, fíúsì jó gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọ ìlú Oǹdó, tí wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, Màmá ta gìrì lẹ́yìn ọkọ̀.

"Ha! Fọlákẹ́ nìyẹn! Fọlákẹ́ tí a jọ ṣe ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni! Ọmọ mi, sọ gíláàsì yìí kalẹ̀ fún mi."

"Kò ṣiṣẹ́, Màmá. Fíúsì ni."

"Ó dáa, dúró kí n sọ̀ kalẹ̀."

"Ọkọ̀ pọ̀ lẹ́yìn wa, Màmá."

Màmá ń gbá gíláàsì, ó ń pe "Fọlákẹ́! Fọlákẹ́!" Obìnrin tó wà lójú títì ń wo ọkọ̀ dúdú tó ń kọjá lọ, kò mọ̀ pé èèyàn òun ló wà nínú rẹ̀. Bùsóyè kò tẹ bíréèkì. Wọ́n kí Àǹtí Agnes kú ọdún tán, wọ́n sì padà sí Ìsìkàn. Ìgbà tí ọkùnrin náà lọ tán ni Màmá tó bú gbàù.

"Mi ò fẹ́ ọkọ̀ yẹn, n ò sì mọ̀ bóyá mo fẹ́ ẹni tó ń wà á."

"Màmá, nítorí fíúsì?"

"Fíúsì wo? Fíúsì tó gbọ́ èdè Oǹdó? Ọkùnrin tó ń kí ewúrẹ́ ní Ìsìkàn, tí kò lè kí èèyàn nílùú bàbá rẹ̀! Gbọ́ mi dáadáa, Monílọ́lá. Títí gíláàsì yẹn á fi sọ̀ kalẹ̀ ní ìgboro Oǹdó, kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹsẹ̀ wá sí ulé mi pé àwọn wá tọrọ ìyàwó."

Monílọ́lá sunkún. Ó bínú sí ìyá rẹ̀, ó bínú sí ọ̀nà Òwéná, ó bínú sí fíúsì. Bùsóyè nìkan ni kò bínú sí. Ṣé nǹkan tí kò tó ọmọ ìka ló máa wá ba ìgbéyàwó òun jẹ́? Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò le. Bí riwáyà Bùsóyè kò bá mọ iṣẹ́, òun á lọ kọ́ iṣẹ́ náà. Òun fúnra òun á tún gíláàsì náà ṣe ní Òwéná, ìyàlẹ́nu ni òun máa fi ṣe fún olólùfẹ́ òun, ẹnu Màmá á sì pa.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gba ọ̀dọ̀ Reuben lọ, riwáyà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́nà Ìjàpó, tí wọ́n jọ ṣe ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

"Gíláàsì kan ni àbí gbogbo rẹ̀?" Reuben ń fi àkísà nu ọwọ́.

"Gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà."

"Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ni, mi ò bá ní súìṣì rẹ̀ ni, tàbí mọ́tò inú ilẹ̀kùn, tàbí wáyà tó já níbi tí ilẹ̀kùn ti ń ṣí. Tó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀, kọ́kọ́ wo bọ́tìnì tí awakọ̀ fi ń ti gíláàsì àwọn tó kù pa. Tí ìyẹn ò bá ní nǹkan ṣe, wo fíúsì." Ó fà á wọ inú ọkọ̀ oníbàárà kan, ó ṣí ìdérí kékeré lábẹ́ sítíárìn, ó fa nǹkan pẹlẹbẹ kan yọ, ó sì gbé e sókè sí oòrùn. "Wo irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀. Tó bá so pọ̀ báyìí, ó wà láàyè. Tó bá já tó dúdú, ó ti kú. Nọ́ńbà kan náà ni kí o fi rọ́pò rẹ̀ o, má fi èyí tó tóbi jù síbẹ̀ kí ọkọ̀ má gbiná."

"Ìyẹn nìkan ni?"

"Ìyẹn ná. Ṣùgbọ́n fíúsì tó bá ń jó léraléra bí o ṣe wí, wáyà ló ń kan ara wọn. Mo fi orí mi búra. Gbé ọkọ̀ yẹn wá kí n tú ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin." Ó wò ó tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ọkọ wo ló rán ìyàwó wá kọ́ṣẹ́ riwáyà?"

"Kò mọ̀. Mo fẹ́ fi yà á lẹ́nu ni."

"Ọkùnrin kan gbádùn o!"

Monílọ́lá sọ irú ọkọ̀ náà fún un, ó ra fíúsì tuntun kan tí nọ́ńbà rẹ̀ bá a mu, ó dì í sínú áńkáṣíìfù tí ó fi lọ́fínńdà sí. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn ń ra aago fún olólùfẹ́ wọn, fíúsì ni tirẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Àǹtí Agnes ránṣẹ́ pè wọ́n. Láti Àkúrẹ́ dé Òwéná, gíláàsì wà nílẹ̀, Bùsóyè ń kọrin. Ní Òwéná ó gbé gíláàsì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń so okùn bàtà, ó ní, "Jẹ́ kí n ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún Màmá kí wọ́n lè dárí jì mí." Ó fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ sílẹ̀ láàyè nítorí AC, ó sọdá títì.

Monílọ́lá tẹ bọ́tìnì. Gíláàsì kò mira. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. Ó ti jó! Ó sún bọ́ sí ìjókòó awakọ̀, ó wo bọ́tìnì tí Reuben sọ, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó tan iná fóònù rẹ̀, ó ṣí ìdérí lábẹ́ sítíárìn, ó wo àwòrán tó wà lẹ́yìn ìdérí náà, ó sì fi ìka wá ojú ibi tí fíúsì gíláàsì máa ń wà.

Ojú ibẹ̀ ṣófo.

Ó rò pé òun ṣìnà. Ó tún àwòrán wò, ẹni tó ń kọ́ ọmọlọ́mọ bí a ti ń ka máàpù kò gbọ́dọ̀ ṣi èyí kà. Ibẹ̀ gan-an ni, ó sì ṣófo. Fíúsì tó bá jó, ojú ibi tó wà náà ló ń kú sí, kì í dìde rìn lọ. Monílọ́lá wá rántí okùn bàtà. Ó wo ẹsẹ̀ Bùsóyè lódìkejì títì, níbi tó ti ń ná ọ̀gẹ̀dẹ̀. Sálúbàtà ni ọkùnrin náà wọ̀.

Ó fa dúrọ́ọ̀ kékeré tí wọ́n ń ku eérú sìgá sí nínú ọkọ̀ ṣí. Fíúsì náà wà níbẹ̀, ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Monílọ́lá gbé e sókè sí oòrùn. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ so pọ̀. Ó wà láàyè, kò sí ibi tó ti jó rí.

Monílọ́lá kọ́kọ́ wá àwáwí fún un bí obìnrin tó nífẹ̀ẹ́ ṣe máa ń ṣe. Bóyá ó yọ ọ́ kó má baà jó ni. Bóyá riwáyà rẹ̀ ló ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rí i pé òun fẹ́ gba irọ́ náà gbọ́, ojú ara rẹ̀ sì tì í. Ó fi fíúsì Bùsóyè sílẹ̀ níbi tó ti rí i, ó tú áńkáṣíìfù rẹ̀, ó fi fíúsì tirẹ̀ sí ojú ibi tó ṣófo, ó dé e, ó sì padà sí ìjókòó rẹ̀.

Bùsóyè dé pẹ̀lú odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, gíláàsì ńkọ́?" ni Monílọ́lá bi í.

"Fíúsì ti tún jó, Tísà mi. Ọ̀nà yìí á pa ọkọ̀ mi ni."

Kò ṣẹ́jú. Ohùn tó fi ń sọ pé òun fẹ́ràn rẹ̀ náà ló fi sọ ọ́, kò yàtọ̀ rárá. Ìyẹn ló kọ́kọ́ dun Monílọ́lá wọ eegun, torí ó wá ń bi ara rẹ̀ léèrè èwo nínú àwọn ọ̀rọ̀ yòókù ló jẹ́ òótọ́.

Wọ́n wọ Oǹdó. Níbi oríta kan tí ọkọ̀ ti rọra ń lọ, ó tẹ bọ́tìnì. Gíláàsì sọ̀ kalẹ̀ wọ̀ọ̀, ariwo ìlú àti òórùn búrẹ́dì gbígbóná wọlé. Bùsóyè fò bí ẹni tí iná mú. Kó tó rí nǹkan ṣe, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ti rí i.

"Bọ̀ọ̀dá Bùsóyè! Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ìrìn, Àǹtí Wúrà..." Ó bẹ̀rẹ̀ wo inú ọkọ̀, ó rí Monílọ́lá, ó fà sẹ́yìn. "Ẹ má bínú o. Mo rò pé ìyàwó wọn ni. Àǹtí Wúrà ṣẹ̀ṣẹ̀ ra búrẹ́dì lọ́wọ́ mi lọ ni."

Bùsóyè ti ń tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ kíkankíkan. Gíláàsì gòkè.

"Ta ni Wúrà?"

"Ó ṣì mí mú ni. Ẹlòmíràn ló..."

"Ó pe orúkọ rẹ."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ.

Nílé Àǹtí Agnes, ìyá Bùsóyè ti jókòó sí pálọ̀, wọ́n ti gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò kalẹ̀. Bùsóyè ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sórí tábìlì, ó jókòó wọ̀ọ̀. Monílọ́lá kò kúnlẹ̀.

"Àǹtí, ta ni Wúrà?"

Gbogbo bí wọ́n ti ń bọ̀ ló ti ń gbàdúrà pé kí Àǹtí Agnes yanu, kó ní, "Wúrà wo?" Kó bínú, kó fa aṣọ Bùsóyè ya. Àǹtí Agnes wo ìyá Bùsóyè, ó wo ilẹ̀, ó ní:

"Ta ló sọ fún ọ?"

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ náà ló wà. Monílọ́lá di ẹ̀yìn àga mú.

"Jókòó, ọmọ mi," ni Àǹtí Agnes ń wí. "A fẹ́ sọ fún ọ. Wúrà ti pẹ́ nílé Bùsóyè, kò sì sí ọmọ. Ṣọ́ọ̀ṣì ò gbà pé kó fẹ́ méjì, o mọ̀. A ní tí oyún bá ti dúró lára rẹ, a ó là á mọ́lẹ̀. Àlùfáà á bínú díẹ̀, ìyá rẹ á sunkún díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì rọlẹ̀. Ta ló máa ní kí ọmọ padà síbi tó ti wá?"

"Inú mi lẹ wá tọrọ. Kì í ṣe èmi."

"Má sọ bẹ́ẹ̀," ni ìyá Bùsóyè wí. "Ìwọ lo máa jẹ́ ìyá ọmọ. Kí ni Wúrà á jẹ́?"

"Ire rẹ ni mo rò," ni Àǹtí Agnes tún wí, omi ti lé sí i lójú. "Ọdún ń gorí ọdún, Monílọ́lá. Ìdajì ọkọ sàn ju àìlọ́kọ lọ. Ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọ̀n ọ́, ṣé mo lè ṣe ọ́ níbi?"

"Màmá mi mọ̀?"

"Kò mọ̀."

"Ẹ ṣeun. Ó kù ẹnì kan tí kò purọ́ fún mi."

Bùsóyè dìde. "Mo fẹ́ràn rẹ. Irọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, mo gbà, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe irọ́."

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé Monílọ́lá gbà á gbọ́. Ó fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, ó sì ṣe gbogbo èyí fún un. Ẹni tó kórìíra ẹ tó purọ́ fún ẹ, o lè bú u, kí o sì gbàgbé. Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ gbàgbé eléyìí? Ó mú kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì, ó jáde. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí géètì. Ìgbà tí yóò fi tan ẹ́ńjìnnì, Bùsóyè ti sáré wọlé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Monílọ́lá, níbo lò ń lọ?"

Monílọ́lá sọ gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀ pátápátá. Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ sítíárìn bí ẹni tó ń so okùn bàtà, ó fa fíúsì yọ, ó sì mú èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú. Ó kó méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́ òsì. Nígbà tí wọ́n bọ́ sójú títì, Bùsóyè tẹ bọ́tìnì kí gíláàsì lè gòkè. Ó tún un tẹ̀.

"Fíúsì ti jó," ni Monílọ́lá wí.

Bí wọ́n ṣe la ìlú Oǹdó kọjá nìyẹn lọ́sàn-án gangan. Monílọ́lá kí gbogbo èèyàn. Ẹ kú ọjà o. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìnáwó o, ẹ̀yin tẹ ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀. Àwọn èèyàn ń dáhùn tayọ̀tayọ̀, wọ́n ń fi èdè Oǹdó pe Bùsóyè, Bùsóyè sì ti sún wálẹ̀ nínú ìjókòó títí ojú rẹ̀ fi wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Níbi gbogbo tí ọ̀nà bá ti pín, Monílọ́lá á na ọrùn síta: "Ẹ jọ̀ọ́, ilé Àǹtí Wúrà ńkọ́?" Wọ́n sì ń júwe rẹ̀ fún un. Ta ló máa fi ọ̀nà ilé pamọ́ fún ẹni tó mọ èèyàn kí?

Òrùlé ilé náà dán, kò sí àtúnṣe kankan lórí rẹ̀. Obìnrin kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà, búrẹ́dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rẹwà, ojú rẹ̀ sì rọlẹ̀. Monílọ́lá ti ń retí pé òun á kórìíra rẹ̀, kò rí ìkórìíra kankan nínú ara rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, mà. Monílọ́lá lorúkọ mi, láti Àkúrẹ́. Ọkọ yín ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Èmi ò mọ̀ pé ẹ wà."

Wúrà gbé àwo ẹ̀wà kúrò lórí itan rẹ̀, ó wo inú ọkọ̀, níbi tí Bùsóyè jókòó sí tí kò lè gbé gíláàsì sókè.

"Ẹ gba eléyìí." Monílọ́lá fi fíúsì Bùsóyè sí i lọ́wọ́, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. "Tiyín ni. Ní Òwéná ló ti máa ń yọ ọ́ tí a bá ń bọ̀ wá síbí, kí gíláàsì má baà sọ̀ kalẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi. Á ní kòtò ọ̀nà ló jó o."

Wúrà yí fíúsì náà sọ́tùn-ún sósì.

"Òwéná?" ni ó wí. "Tí èmi bá bá a lọ sí Àkúrẹ́, láti Òwéná náà ni kì í ti í ṣiṣẹ́. Kòtò yẹn náà ló sọ fún mi."

Àwọn obìnrin méjèèjì wo ara wọn. Wúrà fa Monílọ́lá dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó gbọn erùpẹ̀ eékún rẹ̀ dànù, bí a ti ń ṣe fún àbúrò ẹni, ó sì rọra rìn lọ síbi ọkọ̀.

Ní ibùdókọ̀, Monílọ́lá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nínú ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí Àkúrẹ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí gíláàsì tibẹ̀, ó sì yí i sílẹ̀ pátá. Ó ti di fíúsì tirẹ̀ padà sínú áńkáṣíìfù. Wọ́n ti ń sún mọ́ Òwéná nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Màmá ni.

"Ọmọ mi, mo ti ń gbàdúrà láti àárọ̀. Ṣé gíláàsì yẹn sọ̀ kalẹ̀ ní Oǹdó?"

"Ó sọ̀ kalẹ̀, Màmá."

"Haa! Olúwa, o ṣeun! Ojú ìgboro?"

"Ojú ìgboro, Màmá. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Ó tán! Mi ò ní ẹjọ́ mọ́. Sọ fún wọn kí wọ́n máa bọ̀ wá, mo ti gbà. Inú mi dùn, Monílọ́lá, inú mi dùn gan-an. Ṣé o bá mi kí Agnes? Òun ló ṣe é fún wa o, ẹ̀jẹ̀ mi gidi ni."

Omijé ń dà lójú Monílọ́lá, atẹ́gùn sì ń fẹ́ ẹ gbẹ kó tó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó di fóònù náà mú dáadáa.

"Mo kí i, Màmá," ló wí. "Gbogbo wọn ni mo kí. Ẹ dúró dè mí nílé, mo ń bọ̀."